Ọmọ tó mọ èèyàn kí, tó sì ń fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́

Ìyá kan tó ń gbé ní Èkó ló kọ̀wé sí mi. Ó ní kí n má dárúkọ òun, mi ò sì ní dá a. Ohun tó kọ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Èkó nítorí iṣẹ́ ọkọ mi. Ọmọkùnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà tí a ti dé, bó bá ti ilé-ìwé dé, ohun tó máa ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó bá òun ṣeré. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Àfi bí tíṣà rẹ̀ ṣe pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọmọ mi àti àwọn ọmọ méjì kan ń sín ọmọ kíláàsì wọn kan tó ń kólòlò jẹ, débi pé ọmọ náà kì í fẹ́ dáhùn ìbéèrè mọ́. Bàbá rẹ̀ ní ẹgba ni oògùn ẹ̀. Ìyá mi ní ọmọdé ni, yóò dàgbà kúrò níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ yìí mọ èèyàn kí, kò sí àgbà tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún. Báwo lọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ báyìí ṣe ń ṣìkà? Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ láàánú?”

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá ọmọ. Nínú ìwé yín, ọ̀nà mẹ́ta lẹ pín ọ̀rọ̀ yìí sí: ọmọ yín kò rẹ́ni bá ṣeré, ọmọ yín ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ yín sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ilé ti dènà yẹ̀yẹ́, àti pé àìrẹ́ni-báṣeré kò kan èyíkéyìí nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo sì rí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìkíni ná. Ìdọ̀bálẹ̀ dára, ẹ má sì jẹ́ kó fi sílẹ̀ torí pé ó wà ní Èkó. Àmọ́ ẹ rántí bí a ṣe kọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti lè dá dúró la ti ń sọ ọ́ sí i létí: “Kí wọn! Ṣé o ò rí Dádì ni?” Bó bá gbàgbé, a rán an létí. Bó bá ṣe é, a yìn ín lójú gbogbo èèyàn. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Abájọ tó fi mọ̀ ọ́n. Ìgbà wo la wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọmọ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí kò lè nà án, tí kò lè fún un lówó bisikíìtì? A kì í kọ́ wọn. A rò pé ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún àgbà yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọdé fúnra rẹ̀, kì í sì í dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà rí dì mú nínú gbogbo ìkíni yẹn ni pé ẹni tó bá lágbára ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, á wá máa wo ilé láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bí ilé bá ń kí ọ̀gá Dádì ní “ẹ káàárọ̀, sà”, tí wọ́n ń pe ọmọ ọ̀dọ̀ ní “ìwọ yìí”, tí mẹ́gáàdì ń kí wọn ní géètì tí ẹnikẹ́ni kò gbójú kúrò lórí fóònù, ẹ̀kọ́ tó ń wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni ilé yín rí o. Mi ò mọ ilé yín. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò ni mo ń sọ.

Àwọn bàbá wa náà mọ̀ pé ìkíni nìkan kò tó. Afín, abuké, arọ, aràrá, ẹni òòṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, torí wọ́n gbà pé Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀ tó sì fi wọ́n ṣe tirẹ̀. Ọmọ tó bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èèwọ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn jù lọ ló máa sọ ọ́ fún un, kì í ṣe ìyá rẹ̀ nìkan. Mùsùlùmí lẹ ń ṣe o, Kìrìsítẹ́nì ni o, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ bọ òòṣà. Bí gbogbo àgbà ṣe ń dá sí i lójú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Òní ńkọ́? Apanilẹ́rìn-ín kan ń sín akólòlò jẹ lórí fóònù, Dádì rẹ́rìn-ín, Àǹtí rẹ́rìn-ín, ọmọ jókòó sáàárín wọn. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ohun tó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín lọ sí kíláàsì, ó sì pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín bákan náà.

Ibẹ̀ gan-an ni àìrẹ́ni-báṣeré ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí ilé kún fún ọmọ, ọmọdé kì í tọrọ eré. Ó máa jáde síta ni, á bá wọn nídìí bojúbojú tàbí suwé, á kó sí i. Ní fúláàtì Èkó, géètì wà ní títì, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé gbé e lọ, bọ́ọ̀sì gbé e bọ̀, lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé-ìwé, oúnjẹ, tẹlifíṣọ̀n, ó di oorun. Ní kíláàsì tuntun, àwọn tó bá níbẹ̀ ti mọ ara wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi, olúkúlùkù ti ní ẹni tó ń bá jókòó. Ọmọ yín wá rí i lọ́jọ́ kan pé bí òun bá sín ọmọ yẹn jẹ, àwọn méjì kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fún òun láyè láàárín wọn. Fún ọmọ tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ọjà olówó pọ́ọ́kú nìyẹn. Mi ò sọ èyí láti fi dá a láre. Ọmọ kan ti dákẹ́ ní kíláàsì nítorí tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo sọ ọ́ torí pé bí ẹ bá wo ọmọ yín bí ìkà, oògùn ìkà lẹ máa lò fún un, kò sì ní ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á ní kí lọmọdé mọ̀ nípa ìdánìkanwà. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1992, Jude Cassidy àti Steven Asher tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ yín ni wọ́n bi léèrè ohun tí ìdánìkanwà jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò lè sọ ọ́: kí inú ẹni má dùn, kí ẹni má sì ní alábàáṣeré. Ẹ má wá torí ẹ̀ ka gbogbo ìgbà tí ọmọ bá dá jókòó sí ìṣòro. Mildred Parten, tó ṣèwádìí nípa eré ọmọdé, ti kọ ọ́ láti ọdún 1932 pé onírúurú ni eré ọmọdé: òmíràn ń dá ṣe tirẹ̀, òmíràn ń wo àwọn ẹlòmíràn, àwọn méjì ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan sì pawọ́ pọ̀. Ọmọ tó ń fi páálí kọ́ mọ́tò ní kọ̀rọ̀, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ wọlé, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó ń dúró létí eré àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́, tó ń wò wọ́n tí kò sì wọlé, òun ló nílò yín. Láti inú ohun tí ẹ kọ, èyí tó kẹ́yìn yìí ló jọ ọmọ yín.

Ní ti ẹgba tí bàbá rẹ̀ dábàá, mo ti rí ohun tó ń kọ́ ọmọ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ó ń kọ́ ọ láti wẹ̀yìn wò kó tó ṣe é. Yóò máa sín ọmọ yẹn jẹ lọ, àmọ́ ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò ti máa ṣe é, tíṣà ò sì ní gbọ́ mọ́. Ó sì lè fi kún un pé ọmọ akólòlò yẹn ló kó ẹgba bá òun. Ti ìyá yín náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ọmọdé ń dàgbà kúrò nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ èyí tó bá ń mú èrè wá, àti pé ọmọ kejì kò lè dúró títí tí tiyín fi máa dàgbà.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n má sọ: “Má sín in jẹ o, ìwọ náà á di akólòlò!” Wọ́n sọ ọ́ fún àwa náà. Ọmọ tó gbọ́n á dán an wò, á rí i pé irọ́ ni, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ lẹ́yìn náà á sì já sí irọ́ lójú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ẹ ti sọ ọmọ kejì di àrùn tó ń ràn. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Ìkólòlò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún méjì sí márùn-ún. Nǹkan bí ọmọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń là á kọjá, ó pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Kì í ṣe àìgbọ́n. Ọmọ náà mọ ohun tó fẹ́ sọ, ẹnu ni kò jẹ́ kó tètè jáde. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ akólòlò: wo ojú rẹ̀, dúró kó parí, má bá a sọ èyí tó kù. Òwe ní bó pẹ́ títí akólòlò á pe baba, àmọ́ ẹnì kan ní láti dúró gbọ́ ọ.

Àwọn òbí tún máa ń rò pé bí ọmọ bá ti lè mọ bó ṣe ń dun ẹlòmíràn, ó ti di aláàánú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1983, àwọn olùwádìí méjì, Heinz Wimmer àti Josef Perner, sọ ìtàn ọmọ kan fún àwọn ọmọdé: ọmọ náà fi ṣokoléètì sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó jáde, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sínú òmíràn. Bọ́mọ náà bá dé, ibo ló máa wò? Àwọn kéékèèké sọ pé ibi tó wà báyìí ni. Láti bí ọdún mẹ́rin lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn lè yàtọ̀ sí tàwọn. Ọmọ yín ti kọjá ibẹ̀. Ó mọ ohun tó dun ọmọ yẹn, ìmọ̀ yẹn gan-an ló sì fi mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Torí náà, “ṣé ó máa dùn mọ́ ẹ bí wọ́n bá ṣe é fún ẹ?” tí gbogbo wa máa ń bi wọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Á dáhùn pé “rárá”, á sì tún lọ ṣe é. Ohun tó kù ni kó ní nǹkan gidi tó máa ṣe fún ọmọ yẹn, àti ọ̀nà mìíràn tó lè fi rí ẹgbẹ́.

Ẹ bá a sọ ọ́ níbi tí ojú yín méjèèjì kò ti kọjú síra. Ẹ gbé ẹ̀wà sínú tíréè, kẹ́ ẹ jọ máa ṣà á. Ẹ sọ ọ́ ṣókí: “Tíṣà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Kò dára, a ò ní ṣe é mọ́. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?” Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù fún àwa òbí, torí ìwàásù ti kún ẹnu wa. Ẹ máa ṣa òkúta inú ẹ̀wà lọ. Ó ṣeé ṣe kó sọ̀rọ̀ kó tó kan ìsàlẹ̀ tíréè. Ẹ fọgbọ́n bi í bóyá wọ́n ń fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Ìbàdàn tó ń sọ “sé o ti jẹun” dípò “ṣé o ti jẹun” kì í pẹ́ rí aláwàdà láàárín àwọn ọmọ Èkó. Àwọn ilé-ìwé kan tún wà tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ìyẹn wá. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ti fi èdè ọmọ yín rẹ́rìn-ín rí, ó ti mọ̀ bó ṣe ń rí kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni di ẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ so ó pọ̀.

Ẹ má fipá mú un sọ “sọ́rì” níwájú kíláàsì. Ẹnu lásán ni, ó sì tún ń fi ọmọ kejì hàn gbogbo ayé. Ẹ bi í ohun tó lè ṣe. Àwọn ọmọdé máa ń mú èyí tó ju agbára wọn lọ wá (èmi á fún un ní báàgì mi!), ẹ bá a mú un wálẹ̀: kó jókòó tì í nígbà oúnjẹ, kó fún un láyè lórí bẹ́ǹṣì. Bí àwọn méjì yẹn bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ má ní kó bá wọn jà tàbí kó wàásù fún wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kó má rẹ́rìn-ín, kó sì kúrò níbẹ̀. Ìyẹn pọ̀ tó fún un.

Ní ti bó ṣe máa rẹ́ni bá ṣeré, ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ wa ń fún ọmọ ni pé “lọ bá wọn, sọ pé o fẹ́ bá wọn ṣeré”. Ó dà bí ìmọ̀ràn gidi, ṣùgbọ́n “rárá” ni èsì rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí ọmọ tó wà nínú eré kò fẹ́ kí eré bàjẹ́. Ọmọbìnrin kan wà ní jẹ́lé-ó-sinmi wa, ọmọ tuntun lòun náà. Àwọn mẹ́rin ń fi iyẹ̀pẹ̀ se oúnjẹ nínú agolo mílíìkì, ewé ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fọ́. Ó bi wọ́n, wọ́n ní “a ti pé”. Ó pa dà wá bá mi, ẹnu rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo bu omi díẹ̀ sínú agolo kan, mo ní kó lọ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ omi ọbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìyá olóúnjẹ yẹ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò, ó rí i pé ó gbẹ, ó ní “bù ú síbí”. Kò sẹ́ni tó tún rántí pé wọ́n ti pé. Ẹ kọ́ ọmọ yín bẹ́ẹ̀: kó kọ́kọ́ wo eré náà, kó mọ ohun tó kù níbẹ̀, kó sì mú un wá. Ẹ tún pe ọmọ kan ṣoṣo wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, kì í ṣe mẹ́wàá, fún wákàtí méjì péré. Ọ̀rẹ́ kan tó tọkàn wá ti tó láti má jẹ́ kó ra ẹ̀rín àwọn méjì yẹn mọ́.

Nínú ilé, ẹ yan iṣẹ́ tó kan ẹlòmíràn fún un, kó sì jẹ́ tirẹ̀ lójoojúmọ́: kó gbé omi tútù fún mẹ́gáàdì bí oòrùn bá mú, kó sì mọ orúkọ tó ń jẹ́. Ẹ má fún un ní súìtì torí ẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Felix Warneken àti Michael Tomasello, ti fi hàn lọ́dún 2006 pé ọmọ oṣù méjìdínlógún ń dìde lọ ran àjèjì lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ogún oṣù tí wọ́n ń fún ní nǹkan ìṣeré torí pé wọ́n ṣèrànwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣèrànwọ́ mọ́ nígbà tí nǹkan ìṣeré kò sí. “O ṣeun” ti tó.

Bí ẹ bá ń pa àlọ́ fún un, ẹ má fi “ìtàn yìí kọ́ wa pé” parí rẹ̀. Ẹ mú ti Ìjàpá tó jẹ ọbẹ̀ tí babaláwo sè fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, kó lè rí ọmọ bí. Ikùn Ìjàpá ń wú, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í pé: kí ni Yánníbo ń ṣe nílé ní gbogbo àkókò yẹn? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìbéèrè yìí. Àwọn kan máa ń dákẹ́, àwọn mìíràn máa ń ní kí n jẹ́ kí ẹnì kan lọ kí i. Bí tiyín bá ní òun ò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ẹnu yín nìkan ni mo sì ti gbọ́ ọ, mi ò rí ọmọ náà. Ó lè ṣe dáadáa fún ọjọ́ díẹ̀ kó tún ṣubú. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tó fẹ́ràn ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì títí ayé, kò sí àléébù níbẹ̀. Àmọ́ bí inú bá ń run ún ní gbogbo àárọ̀ ilé-ìwé, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́, tí oúnjẹ àti oorun rẹ̀ sì dín kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti kọjá ti tíṣà bíi tèmi, ẹ gbé e lọ rí dókítà ọmọdé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí tàwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ilé ìwòsàn náà bà yín lẹ́rù, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń rí níbẹ̀.

Ó ku ìyá ọmọ kejì. Ẹ lọ bá a, ẹ̀yin àti bàbá ọmọ yín, láìmú ọmọ dání. Ẹ bẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe sí i. Ẹ má wí àwíjàre pé ọmọdé ni. Ó lè bínú, ó lè ní òun ò fẹ́ kí ọmọ yín sún mọ́ tòun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún tíṣà kó fi àyè sáàárín wọn fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé fún ọmọ yín pé òun kọ́ ló máa sọ ìgbà tí ọmọ yẹn yóò tún fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀.